Àwọn tó ń kó ìhámọ́ra àti idà sàmúráì jọ, tí wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ fún aráyé: kí lẹ rí sí i?

ỌmọAlágbẹ̀dẹ (Dallas)

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jà mí lọ́kàn láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ní àdúgbò Harwood níbí, ilé oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Saint Ann. Ilé ẹ̀kọ́ ni ilé náà nígbà kan rí. Bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dé òkè, mùsíọ́mù lẹ máa bá níbẹ̀, tó kún fún ìhámọ́ra àwọn sàmúráì, jagunjagun Jàpáánì ayé àtijọ́. Gabriel Barbier-Mueller àti Ann ìyàwó rẹ̀ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kó wọn jọ, wọ́n sì ṣí ibẹ̀ fún aráàlú ní 2012. Wọn kò gbowó lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ mi. Ẹrù wọn ti rìn jìnnà o: wọ́n pàtẹ ẹ̀ ní mùsíọ́mù quai Branly ní Párìsì ní 2011, ní Boston ní 2013, ní Fort Worth tó wà nítòsí wa níbí ní 2014, kó tó kọjá sí Los Angeles.

Baba bàbá mi rọ irin nítòsí Ìsẹ́yìn. Èmi ni mo máa ń fi ẹwìrì fẹ́ná fún wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nítorí náà irin ni ojú mi kọ́kọ́ ń wá níbikíbi tí mo bá dé. Mo dúró níwájú àṣíborí kan títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kàn mọ́ra wọn yí orí ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé etí lé èkejì bí ìpẹ́ ẹja. Ẹni tó rọ ọ́ mọṣẹ́ dójú àmì. Àwọn ìbòjú irin tún wà tí wọ́n gbin irun sí òkè ètè wọn, tí wọ́n sì kun inú wọn ní ọ̀dà pupa. Wọ́n wọ ìhámọ́ra fún ẹṣin pàápàá.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Ní oṣù tó ṣáájú, àwọn olùkójọ kan pàtẹ idà sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Bàbá kan fa idà yọ nínú akọ̀, ó ní ó ti lé ní 500 ọdún, ó ní kí n wo iṣẹ́ tó wà lójú irin. Mo wò ó títí, n kò rí nǹkan kan. Iná gbọọrọ inú àjà ń dán lójú irin náà bíi dígí, ojú ara mi ni mo ń rí níbẹ̀. Bàbá náà ń retí kí n sọ̀rọ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Mo fẹ́ bi yín. Ṣé ó tọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo ní irú nǹkan báyìí, tó jẹ́ ogún ìdílé ẹlòmíràn lókè òkun? Bó bá sì tọ́, báwo ló ṣe yẹ kó pàtẹ ẹ̀ kí ẹni tó wá wò tó lè rí i ní tòótọ́?

Àdùnní_Leeds

Àbúrò mi, o káàbọ̀. Ó ti lé ní ọdún méjìlá tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ idà Jàpáánì níbí. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fà mí wọ̀ ọ́, mo sì ti bá wọn ṣètò ìpàtẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Jẹ́ kí n sọ bí àwọn ẹrù yìí ṣe kúrò nílé ná, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ogun ló kó gbogbo wọn jáde.

Ní 1868, agbára ìjọba kúrò lọ́wọ́ àwọn shogun, olórí ogun tó ń ṣàkóso Jàpáánì, ó padà sọ́wọ́ ọba ńlá wọn. Ní 1876, ìjọba tuntun náà fòfin de síso idà mọ́dìí, àyàfi fún sójà àti ọlọ́pàá. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fòpin sí owó tí àwọn ìdílé sàmúráì ń gbà láti ìran dé ìran. Ẹ wò ó ná: ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti ń jẹun nídìí idà láti ọdúnmọ́dún, lójijì kò lè so idà mọ́, owó kò sì wọlé. Kí ló kù tí yóò tà bí kò ṣe ìhámọ́ra inú àpótí? Ọkọ̀ òkun Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ti wà létí omi tó ń retí. Ayé ìgbà yẹn ni Frederick Stibbert ń rà á jọ sí Florence ní Ítálì. Nígbà tó kú ní 1906, ó fi ilé àtẹrù sílẹ̀ fún ìlú, ó sì wà níbẹ̀ dòní, ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó. Bashford Dean ní tirẹ̀, onímọ̀ nípa ẹja ni. Ẹja ló bá lọ sí Jàpáánì, ó kó ìhámọ́ra bọ̀, òun náà ló di ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe alábòójútó ẹ̀ka ohun ìjà ní Metropolitan Museum ní New York. Àìríṣẹ́ àti àìrówó ló tú ọ̀pọ̀ nínú ẹrù yẹn ká.

Àwọn kan sì jẹ́ ẹ̀bùn. Royal Armouries wa níbí ní ìhámọ́ra tí shogun Tokugawa Hidetada fi ránṣẹ́ sí Ọba James ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1613. John Saris, ọ̀gá ọkọ̀ òkun, ló gbé e wálé. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn tó wá wò ó ni pé ti ọba ńlá Mughal ilẹ̀ Íńdíà ni. Ẹ̀bùn láti ààfin dé ààfin, wọ́n wá ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè é nínú ilé ẹni tí wọ́n fún! Látìgbà tí mo ti mọ ìtàn yẹn, ìwé àlàyé ni mo máa ń kọ́kọ́ kà ní ìpàtẹ kí n tó gbójú sókè wo ẹrù.

Kọ́lá_Berlin

Ẹ kú ìjíròrò. Oníṣòwò kan níbí, Peter Janssen, kó tirẹ̀ jọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó kọ́kọ́ pàtẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ilé kan ní Zehlendorf, kí wọ́n tó ṣí Samurai Museum tó tóbi ní òpópónà Auguststraße ní 2022. Ẹrù tó ní lé ní 4,000. Ẹ ó wọ inú òkùnkùn, iná kékeré á máa tàn sórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ojú tẹlifíṣọ̀n tí ẹ lè fọwọ́ tẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, bí ẹ bá ti kàn án, ìtàn á jáde. Wọ́n kọ́ ìtàgé Noh, eré ìbílẹ̀ Jàpáánì, síbẹ̀ àti ilé tí wọ́n ti ń po tíì lọ́nà ti Jàpáánì.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ní tèmi, ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ dá wà pẹ̀lú idà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ohùn ń bọ̀ lápá ọ̀tún, àwòrán ń rìn lápá òsì. Síbẹ̀ n kò lè sọ pé ó burú. Ọmọ yẹn ti ń ya àṣíborí sínú ìwé rẹ̀ látìgbà náà, ó sì ti ń bi mí ní ìbéèrè nípa ìdílé Tokugawa tí èmi fúnra mi ní láti lọ wá ìdáhùn sí.

Bámidélé_O

Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dùn létí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń pa èèyàn ni. Ẹnì kan lówó, ó rà á, ó tan iná sí i, gbogbo wa wá ń yìn ín. Mo sì ti kà pé lẹ́yìn ogun 1945, àwọn sójà Amẹ́ríkà kó idà Jàpáánì lọ sílé bí ẹni ń ṣa àgbàdo lóko. Ta ló bi àwọn ọmọ ẹni tó ni ín? Àwọn àgbà wa ní bí ọwọ́ ọmọ kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Èèkù idà àwọn ọmọ Jàpáánì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwa tí a mọ ohun tí wọ́n kó kúrò ní ààfin Benin ní 1897 kò gbọ́dọ̀ máa pàtẹ́wọ́ fún irú èyí.

Àdùnní_Leeds

Bámidélé, kò sí ìbínú. Ó yẹ kí ìbéèrè rẹ máa gba oorun lójú gbogbo olùkójọ.

Òótọ́ ni ti 1945. Àwọn tó ṣẹ́gun pàṣẹ pé kí gbogbo ilé kó ohun ìjà sílẹ̀. Wọ́n ba idà tí kò lóǹkà jẹ́, òmíràn sì bá sójà wọ ọkọ̀ lọ. Èyí tó dùn wọ́n jù ni idà tí wọ́n ń pè ní Honjō Masamune, tó ti wà nínú ìdílé Tokugawa láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí ìjọba sì ti kà mọ́ ìṣúra orílẹ̀-èdè ní 1939. Ní oṣù Kejìlá 1945 ni wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Mejiro ní Tokyo, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ ṣe wí. Nígbà tí 1946 wọlé, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, ojú kò sì kàn án mọ́ títí dòní.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ti Walter Compton náà. Ó wà ní Elkhart, Indiana, níbi tó ti ń ṣe ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ oògùn Miles Laboratories, ó sì ní idà ju ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù lọ. Ó wá rí i pé ọ̀kan nínú èyí tó rà, iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ Kunimune, ti ojúbọ Terukuni ní Kagoshima ni, pé ó sọnù níbẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ó dá a padà ní 1963. Kò gba kọ́bọ̀. Ní 1976, ó kó nínú àwọn yòókù síta fún aráyé wò ní Japan House ní New York. Ẹni tó bá tọ́jú idà sínú àpótí láìka ohun tó wà lára rẹ̀ kò lè mọ ẹni tó yẹ kó dá a padà fún. Compton ka idà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ, kí ọ̀pọ̀ ojú lè kà á.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ (Dallas)

Ẹ ṣeun, Mà. Ọ̀rọ̀ Bámidélé mú mi lọ wádìí nípa ìdílé tó ni ti ibí. Jean Paul Barbier-Mueller, bàbá Gabriel, ló dá mùsíọ́mù ìdílé wọn sílẹ̀ ní Geneva ní 1977, iṣẹ́ ọnà Áfíríkà sì pọ̀ níbẹ̀. Ìbòjú Makonde kan wà lọ́wọ́ wọn tó jẹ́ pé wọ́n jí i ní mùsíọ́mù Dar es Salaam ní 1984 kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n dá a padà fún Tanzania ní 2010. Láti 1990 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀.

Bámidélé_O

Ogún ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí ogún ọdún yẹn bí ẹ bá ń rántí pé wọ́n dá a padà.

ÌyáÌbejì_Saitama

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń gbé Saitama. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ohun tí o kò rí yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí èmi náà kò rí i nígbà àkọ́kọ́.

Níbí, wọ́n máa ń ṣe ìjókòó kan tí àwọn èèyàn ti ń gbé idà lọ́wọ́ wò, olùkójọ kan á gbé tirẹ̀ wá, àlejò á jókòó yí i ká. A ó bọ́ òrùka àti aago. A ó tẹrí ba fún idà náà kí a tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tó bá ti jáde nínú akọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ sórí rẹ̀, torí ooru ẹnu ń mú kí irin dógùn-ún. Ọwọ́ ọ̀tún di ìdí rẹ̀ mú, ọwọ́ òsì fi aṣọ rírọ̀ gbé irin. Ìka kì í kan ojú irin rárá. Kò sí ẹni tó ń kánjú.

Ẹ ó nà án sókè ná kí ẹ wo bó ṣe tẹ̀, bóyá láti ìdí ló ti tẹ̀ tàbí láàárín, torí alágbẹ̀dẹ ayé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó wá wo ara irin. Bí ojú pákó tí wọ́n fá ló rí, nítorí pé wọ́n ti ká irin náà lé ara rẹ̀, wọ́n sì tún lù ú pọ̀, bí ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn èyí ló kan ìlà ẹnu rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hamon. Fún ìyẹn, gílóòbù kan ṣoṣo ni, tí ohunkóhun kò bò. Ẹ ó na idà sí ìsàlẹ̀ iná náà, ẹ ó máa yí i díẹ̀díẹ̀, títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi rìn gba ojú irin kọjá. Ẹ má wo ibi tí iná ti ń dán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́ kú, ibẹ̀ ni hamon ti máa yọ sí yín. Iná gbọọrọ ti òtẹ́ẹ̀lì yẹn ń tàn láti ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti fọ gbogbo ojú irin di funfun kan náà. Ojú rẹ kò ní àbùkù, àbúrò.

Bí hamon ṣe ń wáyé: alágbẹ̀dẹ á fi amọ̀ pa irin, ó nípọn lẹ́yìn, ó fẹ́lẹ́ lẹ́nu. Á fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n, ilé iṣẹ́ á ṣókùnkùn kó lè rí àwọ̀ irin dáadáa, á wá tì í bọ omi. Ẹnu tutù lọ́gán, ó le. Ẹ̀yìn tutù jẹ́jẹ́, ó rọ̀ díẹ̀, kò ní tètè ṣẹ́. Ìlà tí ẹ ń wò yẹn ni ààlà àwọn méjèèjì. Inú omi yẹn kan náà ni irin ti ń fa ara rẹ̀ tẹ̀ sí i. Bó bá sì fẹ́ sán, inú omi yẹn náà ni, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ nìyẹn.

Irin tí wọ́n ń lò, iyanrìn irin àti èédú ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ nínú ìléru amọ̀ fún ọ̀sán mẹ́ta àti òru mẹ́ta. NBTHK, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 láti gba idà là lẹ́yìn ogun, ló tún ìléru kan dá ní Okuizumo ní 1977, torí irin náà ti ń tán lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ. Àwọn náà ló ni mùsíọ́mù idà tó wà ní Ryōgoku ní Tokyo láti 2018. Bí ẹ bá wá sí ìlú yìí, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹ óò ní àyè láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gíláàsì.

Ẹ ó sì bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin níbẹ̀! Láti 2015 tí géèmù Touken Ranbu ti jáde, èyí tó sọ àwọn idà olókìkí di ọ̀dọ́mọkùnrin, àwọn ọmọbìnrin ló ń tò sórí ìlà láti wo idà gidi. Àwọn àgbàlagbà kan kọ́kọ́ bínú sí i. Ní Setouchi ní ẹkùn Okayama, wọ́n ti mọ̀ pé oore ni. Idà kan wà tí wọ́n ń pè ní Sanchōmō, ìṣúra orílẹ̀-èdè, tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìlú Jōetsu kọ́kọ́ fẹ́ rà á, owó kò bára mu. Setouchi, ìlú kékeré tó wà lórí ilẹ̀ Bizen níbi tí wọ́n ti rọ irú idà bẹ́ẹ̀, wá bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n dá owó. 500 mílíọ̀nù yen ni. Owó pé, idà dé ní 2020. Nítorí náà, Bámidélé, ẹnì kan lè ní nǹkan lónìí kí ó di ti gbogbo ìlú lọ́la, bí àwọn èèyàn bá ti fojú rí i débi tí wọ́n á fi fẹ́ ẹ.

Túndé_Peckham

Ẹ jọ̀ọ́ Mà Àdùnní, mo ní ìbéèrè. Màmá aláwọ̀ funfun kan tí mo ń bá túnlé ṣe fún mi ní idà Jàpáánì tí ọkọ wọn tó ti kú fi sílẹ̀. Ó ti dógùn-ún nídìí, inú èèkù níbi tí igi bò. Mo ti ra sáńpépà àti kẹrosíìnì. Ṣé kí n fọ̀ ọ́ kó lè dán bíi ti mùsíọ́mù?

Àdùnní_Leeds

Túndé, gbé sáńpépà yẹn sílẹ̀ báyìí!

Ìdí irin tó wà nínú èèkù, nakago lorúkọ rẹ̀, a kì í fọ̀ ọ́ láéláé. Ìpáàrà dúdú yẹn ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí idà, ibẹ̀ náà sì ni alágbẹ̀dẹ máa ń gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí. Ní ẹgbẹ́ wa, ọkùnrin kan gbé idà baba rẹ̀ wá tó ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ mọ́ tónítóní. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ó jókòó síbẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, a kò sì rí nǹkan ṣe fún un. Apá tó ń dán náà, má fi nǹkan kan nù ún ju aṣọ mímọ́ gbígbẹ lọ. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi òkúta pọ́n idà nìkan ló lè fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Ya fọ́tò nakago náà. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ ṣe fún sójà nígbà ogun, a ó mọ̀ látara òǹtẹ̀ tàbí nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i. Má tà á kí a tó wò ó. Láti 2008, òfin ibí fi dè wá láti ta idà tó tẹ̀ tí irin rẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà, àfi èyí tó ti pẹ́ tàbí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rọ lọ́nà ìbílẹ̀. Má gbé e kiri ìta láìdì í dáadáa.

Túndé_Peckham

Mo ti gbé e sílẹ̀, Mà. Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ya fọ́tò, ìlà bíi lẹ́tà Jàpáánì mẹ́ta wà níbẹ̀. N ó fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́.

Àdùnní_Leeds

Nígbà tí mo ti wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì Ọmọ Alágbẹ̀dẹ nípa bó ṣe yẹ kí a pàtẹ. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, inú àṣìṣe ni mo ti kọ́ ọ.

Ilé kan ní àríwá ibí gbà wá láàyè láti pàtẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó ni ilé fẹ́ kí ìhámọ́ra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Èmi ni mo gbà fún wọn. Okùn ṣẹ́dà ni wọ́n fi di ìpẹ́ ìhámọ́ra mọ́ra wọn, ti èyí jẹ́ àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀. Nígbà tí a kó o kúrò, èjìká ọ̀tún tó kọjú sí oòrùn ti ṣá, a sì ń rí i kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òsì. Okùn tó ti la ọdún tó lé ní 200 já. Ẹni tó ni ín kò bú mi, ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo èjìká náà bí ẹni bo ọgbẹ́. N kò gbàgbé rẹ̀.

Láti ìgbà náà, fún ṣẹ́dà àti ọ̀dà, iná wa kì í kọjá 50 lux, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, bí àwọn mùsíọ́mù ṣe ń ṣe, a sì máa ń ta aṣọ sí fèrèsé. Ọ̀rinrin ló tún le. Ọ̀dà ara ìhámọ́ra, oje igi urushi ni, bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, á sán, á máa ṣí. Irin ní tirẹ̀ kò fẹ́ ọ̀rinrin. Ara ìhámọ́ra kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì wà. Nítorí náà a ń wá ààrin, a sì máa ń lọ wò ó láràárọ̀. Idà wà nínú àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀, òkùnkùn yí i ká, gílóòbù kan péré ló ń tàn sí i láti òkè, bí ÌyáÌbejì ṣe wí. Katana, idà tí wọ́n ń kì bọ ìgbànú, ẹnu rẹ̀ á kọjú sókè. Tachi tó ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ń fi okùn so rọ̀ mọ́ ìbàdí, ẹnu rẹ̀ á kọjú sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sódì, àwọn tó mọ̀ ọ́n á ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

A tún máa ń fi ẹnì kan jókòó ti àpótí, kì í ṣe torí olè nìkan. Ẹni tó wá wò ní ìbéèrè, ó yẹ kó rí ẹni bi.

Kọ́lá_Berlin

Ọmọ mi ní kí n béèrè: ọkùnrin adúláwọ̀ tó bá Oda Nobunaga, olórí ogun Jàpáánì ayé àtijọ́, gbé, ṣé ó yẹ kó wà nínú irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀?

ÌyáÌbejì_Saitama

Yasuke. Ó bá Valignano, àlùfáà Jesuit, dé Jàpáánì ní 1579. Nobunaga rí i ní 1581, ó gbà á sọ́dọ̀, ó fún un ní ilé, owó àti idà kékeré. Ó wà ní tẹ́ńpìlì Honnō-ji lọ́jọ́ tí wọ́n dìtẹ̀ mọ́ Nobunaga ní 1582. Ó yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ìwé ayé ìgbà náà sọ gan-an. Ìyẹn tó láti mú ọmọdé lórí wú. Bá mi kí ọmọ náà.

Bámidélé_O

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì gbà pé ó yẹ kí ẹnì kan máa kó 4,000 ẹrù jọ. Ohun kan ni mo ń béèrè: kí olùkójọ kọ ọ́ sára gíláàsì bí ẹrù ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ọdún wo ló rà á, lọ́wọ́ ta ni. Bí ó bá jẹ́ sójà ló mú un bọ̀ ní 1945, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè kọ ìyẹn síta, èmi náà á wá wo ìpàtẹ rẹ̀.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ (Dallas)

Ẹ̀yin ará, mo ti padà lọ bá bàbá onídà yẹn. Àwọn olùkójọ náà tún pàdé ní Sátidé, mo sì ní kí n lọ fi ohun tí ÌyáÌbejì kọ́ mi dán ojú mi wò. Mo mú gílóòbù kan dání pẹ̀lú okùn iná rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì gbà láti pa iná àjà ní ìgun ibi tí tábìlì wọn wà.

Mo bọ́ aago. Mo tẹrí ba. Mo di ìdí idà mú, mo nà án sí ìsàlẹ̀ iná, mo ń yí i bí ẹ ṣe wí. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Mo wá fojú sílẹ̀ kúrò níbi tó ń dán, ó sì yọ sí mi: funfun tó fẹ́lẹ́ bí ìrì orí ewé, ó ń gbòòrò, ó ń sún kì, ó gba ẹnu idà láti ìdí dé ṣóńṣó. Baba bàbá mi náà máa ń ti ẹnu àdá bọ omi, mo gbọ́ ariwo omi yẹn létí mi níbi tí mo dúró sí.

Mo bi bàbá náà ní ìbéèrè Bámidélé. Wọn kò bínú. Wọ́n fa ìwé kan yọ lábẹ́ tábìlì: lọ́wọ́ opó sójà kan ni wọ́n ti rà á ní 1988, ọkọ rẹ̀ gbé e bọ̀ láti Jàpáánì lẹ́yìn ogun. Mo ní kí ló dé tí wọn kò gbé ìwé náà sórí tábìlì. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn lè kà á. Àwọn méjì ti béèrè nǹkan nípa rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n yọ èèkù, wọ́n fi orúkọ alágbẹ̀dẹ hàn mí lára nakago, ojú ibi tí òòlù ti gbá irin ìgbẹ́nǹkan wọlé ṣì hàn. Mo sọ fún wọn pé baba bàbá mi kò kọ orúkọ sára ọkọ́ kankan rí, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà Ìsẹ́yìn ló ń mọ ọkọ́ wọn tí wọ́n bá ti rí èjìká rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, ó wà nínú gáréèjì níbí. Bàbá náà ní kí n mú un wá ní ìpàtẹ tó ń bọ̀, pé àwọn fẹ́ wò ó lábẹ́ iná yẹn. Mo ti fi aṣọ gbígbẹ nù ún. N kò fọ̀ ọ́.